Ìbọn Ní Apátí, Kò Ní Apátí

Ìbéèrè mi kò gùn. Tí ìbọn bá ti gbó, tó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ẹni tó rọ ọ́ àti ẹni tó kọ́kọ́ rà á ti kú tipẹ́, ṣé ìbọn ṣì ni? Àbí ó ti di nǹkan ọ̀ṣọ́ bíi aago ògiri bàbá àgbà, tí èèyàn lè rà, kó nù ún, kó gbé e sínú àpótí onígíláàsì, kó máa fi han àlejò? Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń wá owó fọ́tókọ́pì kiri, ọ̀rọ̀ ríra ìbọn kò kàn án. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń fi owó gidi rà á, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹbí mi.

Irú ìbọn tí mò ń sọ ni ìbọn ìléwọ́ tí òyìnbó ń pè ní revolver, èyí tí irin roboto kan wà láàárín rẹ̀ tó ń yí, tí ọta márùn-ún tàbí mẹ́fà máa ń wà nínú ẹ̀. Nínú wọn, àwọn tí wọ́n ń pè ní double-action ni ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ti ìṣáájú, irú èyí tí Samuel Colt ń ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1836, iṣẹ́ méjì ni ẹni tó fẹ́ yìn ín máa ṣe. Á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò fa irin kékeré tó wà lẹ́yìn ìbọn sẹ́yìn títí yóò fi há. Lẹ́yìn náà ni á wá fi ìka fa apátí. Láàárín méjèèjì, ààyè díẹ̀ wà. Ó lè má ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ṣùgbọ́n ààyè ni. Ẹni tó fẹ́ yìn ín lè rántí ìyá ẹ̀ níbẹ̀. Ní 1851, Robert Adams ní London gbé tirẹ̀ jáde: ẹ sáà ti fa apátí nìkan, irin náà á sún sẹ́yìn fúnra ẹ̀, á sì gbá ọta. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Beaumont fi tún un ṣe kí ọ̀nà méjèèjì lè wà pọ̀: tó o bá fẹ́, o fi àtàǹpàkò fà á, tó ò bá fẹ́, o fa apátí lásán. Double-action nìyẹn.

Ohun tí wọ́n yọ kúrò ni ààyè yẹn. Wọ́n tà á fún àwọn ọ̀gá sójà gẹ́gẹ́ bí ìtẹ̀síwájú, ìtẹ̀síwájú náà sì ni lóòótọ́ fún ẹni tí ọ̀tá ń sáré bọ̀ wá bá. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn ìbọn wọ̀nyí máa ń sọ ohun kan tí mi ò lè jiyàn ẹ̀: apátí double-action wúwo. Ó lè gba agbára pọ́n-ùn mẹ́wàá sí méjìlá kó tó yìn, nígbà tí èyí tí wọ́n ti fi àtàǹpàkò fà lè má gbà ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Wọ́n ní ààyè tí wọ́n yọ lójú ọ̀nà ti wọlé padà láti inú ìwúwo. Ó dùn-ún gbọ́. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo rí i pé ìka ọwọ́ ni ìwúwo yẹn ń dá dúró, kì í ṣe ọkàn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ń gbé ní Houston. Ó ti san dọ́là 400 lórí ìbọn Smith & Wesson kan, irú tí wọ́n ń pè ní Military & Police, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1899. Tiẹ̀ yìí, wọ́n ṣe é láàárín 1920 sí 1930. Ó fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. "Àbúrò, wo bó ṣe ń dán bí omi òru. Ìwọ wo igi ìdí ẹ̀. Ẹwà ni mo rà, jàre." Ní ọjọ́ kejì ìyàwó wa pè mí. "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún wà nínú ilé yìí." Wọ́n gbọ́ pé fìlọ́sọ́fì ni mò ń kà, wọ́n rò pé adájọ́ ni wá ní dípáátímẹ́ǹtì wa.

Mi ò ní parọ́ fún yín, ìbọn náà lẹ́wà. Ohun tí wọ́n ṣe láti fi pa èèyàn lè lẹ́wà. Ẹkùn náà lẹ́wà, idà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa rọ lẹ́wà. Ibi tí mo ti bá Bọ̀ọ̀dá jiyàn ni ibi tó ti ní ẹwà nìkan lòun rà. Mo ní kí wọ́n bá wa dí ihò ẹ̀ pa nígbà náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n máa ń ta irú ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìbọn tí wọ́n ti ba inú ẹ̀ jẹ́ tí kò lè yìn mọ́ láé. Ojú kò ní pàdánù ohunkóhun: ó máa dán bó ṣe ń dán, igi ìdí ẹ̀ á wà níbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá pariwo lórí fóònù bí ẹni pé mo ní kó gé ẹsẹ̀ ọmọ. "Ṣé kí n wá pa á ni?" Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ìbọn tí kò lè yìn, òkú ni lójú ẹ̀. Kì í ṣe ẹwà nìkan ló san dọ́là 400 fún nígbà náà. Agbára láti pa, tó ń sùn nínú irin yẹn, wà nínú owó tó san.

Tí ẹ bá rò pé mo ń le koko jù, ẹ wo bí ọjà ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwa tí à ń kọ ewì nínú ẹgbẹ́ yìí yẹ ká mọ ìtàn yìí. Ní 10 July 1873, ní Brussels, akéwì ọmọ Faransé, Paul Verlaine, ra ìbọn ìléwọ́ kan, ó mu ọtí yó, ó sì fi yìnbọn fún akéwì ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, Arthur Rimbaud. Ọta bà á ní ọrùn ọwọ́. Wọ́n sọ Verlaine sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ní November 2016 wọ́n lu ìbọn yẹn ní gbàǹjo ní Paris, owó ẹ̀ sì tó €434,500. Ní June 2019 wọ́n tún ta òmíràn níbẹ̀, èyí tí àgbẹ̀ kan rí nínú oko, nítorí pé wọ́n gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni Vincent van Gogh, ayàwòrán, fi yìnbọn fún ara ẹ̀ ní 1890. €162,500. Èyí kò lẹ́wà rárá o! Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Tí ẹ bá yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ẹ̀, irin tí ẹni tó ń ra pàǹtí gan-an kò ní dúró wò ni. Bọ̀ọ̀dá ní ìbọn tòun kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ó ní ìtàn; wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Wọ́n kúkú fi sójà àti ọlọ́pàá sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bi òfin. Òfin Amẹ́ríkà ti 1968 sọ pé ìbọn tí wọ́n bá ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀, nǹkan àtijọ́ ni, kì í ṣe ìbọn mọ́ lójú òfin ìjọba àpapọ̀ (ti ìpínlẹ̀ lè yàtọ̀). Ọdún kan péré! Ìbọn ti December 1898 jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́, àbúrò ẹ̀ ti January 1899 jẹ́ ìbọn. Nígbà tí mo kà á, Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. May 1892 ni àwọn òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmágbọ́n. Ní 1897 wọ́n jó ìlú Ẹ̀dó. Ní ayé ìgbà náà, àwọn ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi owó ara wọn ra ìbọn ìléwọ́ wọn, Webley tí wọ́n ń ṣe ní Birmingham sì ti di ti sójà wọn láti 1887. Tí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó wá síbí bá wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan ní Texas lónìí, òfin ibẹ̀ kò pè é ní ìbọn. Mi ò sọ pé òfin náà burú. Ibì kan ni èèyàn gbọ́dọ̀ fa ìlà sí. Ṣùgbọ́n ìlà tí wọ́n fà sórí kàlẹ́ńdà, ọta kò mọ̀ ọ́n.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa ọmọ ilé ìwé mẹ́rìndínlógún àti olùkọ́ wọn ní Dunblane ní March 1996, wọ́n fi òfin 1997 gba ọ̀pọ̀ jù lọ ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ aráàlú. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ti àtijọ́ tí wọn ò ṣe ọta ẹ̀ mọ́, tí ẹni tó ni ín bá fi pa mọ́ bí ohun ìyanu tàbí ohun ọ̀ṣọ́. Èyí mú ọgbọ́n dání ju ti kàlẹ́ńdà lọ, torí pé ó ń bi ọ pé kí lo fẹ́ fi ṣe. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ní December 2017, ilé ẹjọ́ kan ní Birmingham, ìlú Webley kan náà, rán oníṣòwò kan lọ sẹ́wọ̀n ọgbọ̀n ọdún. Ó ń ta ìbọn àtijọ́, ó sì ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ọta tí ayé ti pa tì, wọ́n ń bá a nídìí ìpànìyàn. Ní 2021 ìjọba ibẹ̀ yọ irú ọta méje kúrò nínú ìwé àwọn tí wọ́n gbà pé ayé ti gbàgbé. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú ìbọn kọ òun?

Ọta ìbọn Bọ̀ọ̀dá kò tilẹ̀ di ohun ìgbàgbé. .38 Special ni, wọ́n ṣì ń ṣe é, wọ́n ń tà á.

Nílé níbí, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Òfin ìbọn wa ti 1959 kó revolver mọ́ ohun tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní àfi tí Ààrẹ bá fún un níwèé, títí kan àwọn tó ti gbó. Ẹ lè sọ pé ó rọrùn fún mi láti wàásù nígbà náà, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n àwa náà mọ ìbọn àjogúnbá. Ṣakabùlà wà lórí ògiri ilé ọdẹ, wọ́n sì ń gba ìwé àṣẹ fún òun náà. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé nílé ọdẹ kò sẹ́ni tó ń pè é ní ohun ọ̀ṣọ́. Tí ọdẹ bá kú, wọ́n á ṣe ìpà fún un, wọ́n á kó ohun èlò ọdẹ ẹ̀ jáde, ìrèmọ̀jé á máa dún, kí òun àti iṣẹ́ náà tó pínyà. Kódà ní kóòtù, ẹni tó ń bọ Ògún lè fi irin búra. Kristẹni ni mí, mi ò bọ Ògún, ṣùgbọ́n ó yé mi pé àwọn èèyàn yẹn gbà pé irin ní ẹni tó ń jíhìn fún un. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí pàápàá ń gbìyànjú: ìbọn Iver Johnson tí wọ́n fi pa Ààrẹ McKinley ní 1901 wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Buffalo, níbi tí wọ́n ti pa á, wọn ò sì fi iṣẹ́ tó ṣe pa mọ́. Nínú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan ńkọ́? Ta ló ń jíhìn?

Ibẹ̀ ni mo ti padà sí ọ̀rọ̀ ìyàwó wa. Nínú gbogbo àlàyé Bọ̀ọ̀dá, olè ló ń sọ, àjèjì ló ń sọ, pé òun ò fẹ́ fi bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn tó ń ka iye òkú ní Amẹ́ríkà ní èèyàn 48,830 ni ìbọn pa níbẹ̀ ní 2021. Nínú wọn, 26,328 ló pa ara wọn. Ó ju ìdajì lọ! Ẹni tí ìbọn inú ilé wà nítòsí jù ni ẹni tó ń gbé inú ilé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ìdánwò já kulẹ̀, tí ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ já sílẹ̀, tí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan: ààyè tí Adams yọ ní 1851, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló nílò ẹ̀ jù. Pọ́n-ùn méjìlá kò wúwo fún ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Mo sọ ìdájọ́ mi fún àwọn méjèèjì, bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Mo ní Bọ̀ọ̀dá lè ní in, ṣùgbọ́n kó ní in bí ìbọn, kì í ṣe bí aago ògiri. Inú àpótí irin ni kó wà, kí ọta má wọ ilé náà rárá, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ìyàwó wa títí ọmọ yóò fi lọ sí yunifásítì. Bọ̀ọ̀dá ní kí ni ìwúlò ohun ẹlẹ́wà tí òun á máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyàwó kóun tó wò ó. Ìyàwó wa ní òun ò gba kọ́kọ́rọ́ kankan, òun ò fẹ́ kí ọwọ́ òun wà nínú ẹ̀, kó lọ tà á. Mo ní tó bá tà á, ilé ẹlòmíràn ló ń lọ, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ wà níbẹ̀ náà. Ó dákẹ́. Ó ní, "Akọ̀wé, ọmọ tèmi ni mo mọ̀."

Ó di oṣù mẹ́ta báyìí. Ìbọn náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tà á, wọ́n ti sanwó, ẹnikẹ́ni ò tíì lọ gbé e.