Ṣé Ká Tà Á fún Alápatà?

Nígbà ìsinmi, abo màlúù bàámi ní Ṣakí rọbí láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìdí lọmọ fi ṣáájú dípò ẹsẹ̀ iwájú òun orí. Dókítà ẹran bá wa fà á jáde, àmọ́ òkú ni.

Bàámi ní, "Ẹ pe alápatà. Owó ẹ̀ la máa fi san owó iléèwé ẹ."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Ọmọ mẹ́ta ni màlúù yìí ti bí fún wa wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ṣùgbọ́n àánú tí kò wádìí lè di ìkà. Bó bá jẹ́ pé egungun ìbàdí ẹ̀ ló há, ìyà la tún máa fi jẹ ẹ́ bó bá tún lóyún. Dókítà ní kò há. Bí ọmọ ṣe dojú kọ̀dí nínú kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, ó sì lè má ṣẹlẹ̀ mọ́. Kí inú ẹ̀ tó fara pa ṣáà kọ́kọ́ jinná.

Ni mo bá bẹ bàámi. Wọ́n wò mí: "Ṣé ìwọ lè dúró?"

Ó rọrùn láti ṣàánú lórí owó ẹlòmíì. Èyí, tèmi ni.

Mo ní, "Màá dúró."