Ìfẹ́ àti Àtè

Ìbéèrè kan wà tí ó tọ́ kí àwa òbí àti àwa olùkọ́ gbé yẹ̀wò pẹ̀lú sùúrù: ohun tí ènìyàn bá fẹ́ràn, ó ha di dandan kí ó dì í mú bí? Lójú ẹlòmíràn ọ̀rọ̀ yìí kò ní láárí, nítorí ẹni tí ó bá rí ohun rere lójú ọ̀nà tí kò sì mú un, òmùgọ̀ ni ayé ń pè é. Ṣùgbọ́n àwọn ohun kan wà tí ó jẹ́ pé kí a tó ti ilẹ̀kùn àgò mọ́ wọn, èyí tí a fẹ́ràn nínú wọn ti lọ.

Àkókò ọyẹ́ ni ó mú ọ̀rọ̀ náà wá sí mi lọ́kàn. Ní etí òkun wa níhìn-ín ní Àgbádárìgì, ọyẹ́ kì í pẹ́ bí ó ti ń pẹ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ìlọrin, nítorí afẹ́fẹ́ òkun a máa tì í padà. Síbẹ̀ ní ìwọ̀nba ọjọ́ tí ó bá fi jọba, eruku a bo ojú ọ̀sà, Gberefu tí ó wà ní òdìkejì a sì ṣú bí ẹni pé a fi aṣọ ta á. Ìgbà náà ni àwọn ẹyẹ àlejò wà lọ́dọ̀ wa. Lékeléke ti dé láti ìgbà tí òjò ti dá. Nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò gbéra lọ sí ìhà àríwá lọ pa ọmọ. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ó ti Yúróòpù wá ń bá ti ilé fò lókè. Ẹyẹ kékeré kan sì wà, tí àyà rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tí kì í yé mi ìrù rẹ̀ sókè sódò, tí ó sì fẹ́ràn láti máa rìn nínú koríko lẹ́yìn màlúù. Òun náà, láti òkèèrè ni; ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kí ó tó dé àgbàlá wa.

Ìgbà yìí kan náà ni àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ẹ̀yìn odi máa ń wá kí wa. Ní Kérésìmesì tí ó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ mú ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje, ti Ìlú Òyìnbó wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ka ìrẹsì àti adìẹ tí ìyá àgbà rẹ̀ ń gbé ka iwájú rẹ̀ sí. Abẹ́ igi máńgòrò ni ibùjókòó rẹ̀, níbi tí ó ti ń wo àwọn ẹ̀gà tí ń ya ewé àgbọn wa láti fi hun ìtẹ́. (Àwọn alágbọn kò fẹ́ràn ẹ̀gà, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi.) Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ aládùúgbò wa kan mú àtè wá, ó sì fi bí a ti ń fi í ra ẹ̀ka igi hàn án. Kíá ni ọmọ-ọmọ mi sáré tọ̀ mí wá pé òun fẹ́ mú ẹyẹ aláyà ìyeyè náà, kí òun sì gbé e lọ sí ilé. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, “Bàbá àgbà, tí a kò bá mú un, ó máa fò lọ, mi ò sì ní rí i mọ́.”

Ìdáhùn náà wúwo ju ọdún méje lọ. Ebi kò pa ọmọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìkà nínú. Àdánù ni ó ń bẹ̀rù; ẹ sì jọ̀wọ́ ẹ kíyè sí i pé òtítọ́ ni ó sọ, nítorí ẹyẹ náà yóò fò lọ dájúdájú. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a lóhùn gbọ́dọ̀ gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀ ná.

Ìwé Mímọ́ kò wí pé kí a má ṣe mú ẹyẹ rárá. Èmi pẹ̀lú ń jẹ adìẹ, mo sì ń jẹ awó nígbà tí ọdẹ bá tà á fún mi, n kò sì ní fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wo ẹni tí ó pa ẹyẹ nítorí ìkòkò ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan wà ní orí kejìlélógún ìwé Deuteronomi tí a kì í sábà wàásù lé lórí. Ẹni tí ó bá ṣe kòńgẹ́ ìtẹ́ ẹyẹ, tí ìyá sì bà lé ẹyin tàbí lé àwọn ọmọ rẹ̀, ó lè kó ọmọ, ṣùgbọ́n dandan ni kí ó jẹ́ kí ìyá lọ. Ire àti ẹ̀mí gígùn ni ìlérí tí a so mọ́ òfin kékeré yìí, irú èyí tí a so mọ́ bíbọ̀wọ̀ fún baba òun ìyá. Kí ni ìtẹ́ ẹyẹ ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún òbí, tí èrè wọn fi jọra? Ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Ní ọjọ́ mìíràn gbogbo, ìyá ẹyẹ ìbá ti fò lọ kí ọwọ́ ènìyàn tó kàn án. Nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ṣe dúró. Ẹni tí ó bá mú un ní ipò yẹn kò fi ọgbọ́n ọdẹ mú un. Ìfẹ́ ìyá sí ọmọ ni ó fi ṣe ìjẹ. Bí mo ti rí i, ohun tí òfin náà kọ̀ nìyí, pé kí a sọ ìfẹ́ ẹlòmíràn di àtè tí a ó fi lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

N kò kó gbogbo èyí lé ọmọ lórí. Mo gbé àga méjì sí abẹ́ igi, mo fún un ní ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, mo sì ní kí ó kọ gbogbo ẹyẹ tí a bá rí sílẹ̀. Kí ó tó kọ mẹ́ta ni ó tún gbé orí sókè: “Tí a kò bá mú un, báwo la ṣe máa mọ̀ pé òun náà ló padà wá lọ́dún tó ń bọ̀?”

Ẹ̀yin olùkọ́, ìbéèrè yìí ni ó da àwọn ọ̀mọ̀wé láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gilbert White, àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀dá Selborne jáde ní 1789, kò lè pinnu bóyá gbogbo alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ní ń rin ìrìn àjò nígbà òtútù, tàbí àwọn kan ń fara pamọ́ sùn nínú ihò. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Dẹ́nmáàkì, Hans Christian Mortensen, ni ó wá rí ọ̀nà sí i ní 1899: ó ń mú ẹyẹ, ó ń fi òrùka fẹ́ẹ́rẹ́ tí a kọ nọ́ńbà sí sí wọn lẹ́sẹ̀, ó sì ń tú wọn sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1911 a fi irú òrùka bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ní Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1912 a rí i ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà.

Mo rò pé inú ọmọ náà yóò dùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yí padà. Ní àárọ̀ àná rẹ̀ ni baba rẹ̀ mú un lọ wo àwọn ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹrú tí a tò sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú wa. Ó bi mí bóyá irú òrùka yẹn náà nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín ní Àgbádárìgì. Mo sọ fún un pé irin tí a fi dè é mọ́lẹ̀ àti irin tí ó ń bá a fò lọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó gbà fún mi díẹ̀. N kò rò pé ó gbà tán.

Òrùka wọ̀nyí sì ti sọ ohun mìíràn fún wa. Ẹyẹ òkun funfun kan wà, tí a ń pè ní roseate tern, tí ń pa ọmọ ní erékùṣù Rockabill ní etí òkun Ireland àti ní ibòmíràn, tí ó sì ń lo ìgbà òtútù ní etí òkun Gánà, lórí etí òkun kan náà tí ó nà dé ọ̀dọ̀ wa. Iye wọn dín kù púpọ̀ láàrin ọdún 1970 àti 1989. Òrùka tí ń ti Gánà padà wá fi hàn pé àwọn ọmọdé ń fi okùn mú wọn lórí iyanrìn, a sì kà èyí mọ́ ohun tí ó fa ìdínkù náà. Ní 1985 ìjọba Gánà àti àwọn ẹgbẹ́ adáàbòbo-ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀, a sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Bákan náà, ní Boki, ní ìpínlẹ̀ Cross River, níbi tí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ ti ń sùn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àtè lórí ọwọ́ ọ̀pẹ ni a ti fi mú wọn jẹ rí.

Ó ku ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí ju ti ẹyẹ lọ. Ó ti wà lọ́kàn mi láti bẹ ọmọ mi pé kí ó fi ọmọ náà sílẹ̀ fún wa, kí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ níhìn-ín, kí èdè wa lè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Àṣà wa ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a di olùkọ́, ọwọ́ ìyá àgbà ni a gbé tọ́ wa, n kò sì gbọdọ̀ bú ohun tí ó wò mí dàgbà. Ṣùgbọ́n mo mọ bí yóò ti rí. Ọmọ mi kì yóò lè kọ̀, nítorí a ti tọ́ ọ pé kí ó má ṣe já baba rẹ̀ níyàn. Ìyàwó rẹ̀ yóò kúnlẹ̀, yóò wí pé kò burú, yóò sì sunkún nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún mi ni yóò mú wọn dúró jẹ́ẹ́ fún mi, bí ìyá ẹyẹ lórí ìtẹ́.

Nítorí náà n kò sọ ọ́. Ìyá ilé wa kò fara mọ́ èyí. Ó ní ẹyẹ yàtọ̀ sí ènìyàn, pé ọmọ tí kò bá gbọ́ èdè baba rẹ̀ ti nù ná kí ó tó fò, àti pé bíbéèrè kì í ṣe dídẹ àtè bí a bá fún ẹni tí a bi ní àyè láti kọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfiṣeré. Ìdáhùn mi ni pé, nínú ilé wa, a kò tíì kọ́ wọn bí a ti ń kọ̀ fún baba.

Wọ́n lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìn-ín-ní. Ìwé náà wà lọ́dọ̀ mi, orúkọ ẹyẹ mọ́kànlá sì wà nínú rẹ̀, mẹ́rin nínú wọn ní èdè Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn tí a jọ fi sí i. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó ní kí n kọ ọjọ́ tí n kò bá rí aláyà ìyeyè náà mọ́ sílẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí òun, kí òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ ní òdìkejì.