Awò Ìyá Mi

Bí a bá tẹ ohun tó gún, ṣé a ti bà á jẹ́ nìyẹn? Ìbéèrè yìí kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ra awò ìkàwé fún ìyá mi ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Nínú afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá fi ẹ̀gbẹ́ wọ inú dígí, eré rẹ̀ a dín sí nǹkan bí 200,000, a sì yà. Àárín awò náà nípọn ju etí rẹ̀ lọ, nítorí náà ni àwọn ìtànṣán ṣe ń tẹ̀ sínú, tí wọ́n ń pàdé níbi tí ojú arúgbó nìkan kò lè kó wọn jọ sí mọ́.

Kí awò tó dé, èmi ni mò ń ka lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi sí ìyá mi létí. Bí mo bá kan àìsàn tàbí gbèsè, n ó fò ó. Àánú ni mo pè é. Awò tẹ ìmọ́lẹ̀ kí ó lè débi tó ń lọ. Èmi tẹ ọ̀rọ̀ kí ó má baà dé.

Àwọn lẹ́tà àtijọ́ ni màmá kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n kà á tán, wọn kò bá mi wí. Wọ́n ní kí n mú bírò wá, àwọn fúnra wọn ni yóò kọ èsì.