Ta Ló Dè Ọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Mo ti ń gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí fọ́tò ara mi kan kó ìtìjú bá mi ni ó tó yé mi. Mo fẹ́ràn ìrìn-àjò púpọ̀. Mo ti gun Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, mo ti rìn nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, mo sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà ní Àgbádárìgì. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí ni èyí: nígbà tí a bá lọ wo ibi tí àwọn ènìyàn ti jìyà rí, irú ojú wo ló yẹ kí a fi wò ó? Ṣé owó ìwọlé tí a san ti tó, àbí gbèsè kan tún kù lọ́rùn wa?

Ọmọ ọdún 15 ni mí nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wa kó wa láti Ìbàdàn lọ sí Àgbádárìgì. Orin ni a kọ dé ibẹ̀. A wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845. A dúró níbi tí igi Àgíyà wà kí ó tó wó, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìn rere ní 1842. Lẹ́yìn náà ni a wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n kó àwọn ohun èlò òwò ẹrú pamọ́ sí. Ẹ̀wọ̀n ọrùn wà níbẹ̀. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ wà níbẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń há ẹnu ènìyàn pa wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Afinimọ̀nà wa gbé ẹ̀wọ̀n kan lé wa lọ́wọ́ kí a lè mọ bí ó ti wúwo tó. Bí ó ti kọjú sí ẹlòmíràn báyìí, mo gbé ẹ̀wọ̀n náà kọ́ ọrùn, mo yọ ahọ́n síta. Ọ̀rẹ́ mi di orí rẹ̀ kejì mú bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Ayàfọ́tò tó bá wa lọ yà wá. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nígbà tí fọ́tò náà jáde, mo mú un lọ bá Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi. Mo rò pé wọn yóò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló dè ọ́?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó dè mí, Màmá. Eré la ń ṣe."

"Ẹ̀wọ̀n lẹ fi ń ṣeré?"

Wọ́n dojú fọ́tò náà bolẹ̀ lórí àga, wọ́n sì wọ yàrá lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n jẹ́ mi, ṣùgbọ́n wọn kò kì mí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí irú rẹ̀ rí. Kò sí òwúrọ̀ tí wọn kì í kì mí kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó rí bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ní kí n jókòó. Ọmọ Èkìtì ni Màmá Àgbà; ọkọ ló gbé wọn dé Ìbàdàn. Wọ́n ní ìyá ìyá àwọn ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tí ogun kó lọ, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ń da ilẹ̀ Èkìtì láàmú, kí ogun Kírìjì tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1877. Kò sẹ́ni tó tún gbúròó rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé oko ẹlòmíràn nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín ni ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tán, nítorí ọ̀pọ̀ ẹrú ni kò rékọjá òkun rárá. Wọn kò rí òkú rẹ̀ sin. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù, àwọn obìnrin ilé náà ló sì ń sọ ọ́ fún ara wọn, ìyá sí ọmọ, kí ó má baà parun.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni ó dùn mí jù. Oríkì tí Màmá Àgbà fi ń kì mí láràárọ̀, oríkì ìdílé bàbá mi ni, ìdílé jagunjagun Ìbàdàn. Ìyìn ẹni tó lọ sógun tó kó ènìyàn bọ̀ ni ó kún inú rẹ̀. Màmá Àgbà ní, "Èmi ìyàwó ilé ni, iṣẹ́ mi ni kí n máa kì yín. Mo ti gbà kí n máa fi ẹnu mi yin àwọn tó kó èèyàn mi. N ò mọ̀ pé ọmọ ọmọ mi á tún wá fi rẹ́rìn-ín."

N kò rí ẹnu dáhùn. Ọmọ ẹni tí wọ́n dè ni mí. Ọmọ ẹni tó deni náà ni mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, ta ni mo ṣẹ̀ gan-an? Ẹni tí ogun kó lọ ti kú tipẹ́. Kò rí fọ́tò, kò gbọ́ ẹ̀rín. Àwọn kan lè sọ pé òkú kì í mọ ẹni tó ń fi òun ṣẹ̀sín, pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Ká tilẹ̀ ní òkú kò gbọ́, alààyè ń kọ́ ìwà lára ohun tó bá ń ṣe. Ó lé ní mílíọ̀nù 12 ènìyàn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ òkun láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí òdìkejì òkun. Ọ̀gá ọkọ̀ nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó mú wọn wà, ẹni tó fún wọn lóúnjẹ lọ́nà wà, ẹni tó gba owó ibodè wà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì wà tó kàn dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá. Ojú wọn ti mọ́ ọn. Wọ́n rí ẹ̀wọ̀n lọ́rùn ọmọnìkejì wọn, ara wọn kò sì bù máṣọ. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni mò ń kọ́ lọ́jọ́ tí mo yọ ahọ́n síta. Ara mi ni mo ṣẹ̀, mo sì ṣẹ Màmá Àgbà tó wà láàyè tó ń rántí.

Nígbà tí mo dàgbà, mo dá nìkan padà lọ sí Àgbádárìgì. Mo wọ ọgbà Seriki Williams Abass, níbi tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí kí ọkọ̀ tó dé. Afinimọ̀nà sọ pé yàrá 40 ló wà níbẹ̀ láyé ìgbà náà, pé 40 ènìyàn ni wọ́n sì ń há mọ́ yàrá kan ṣoṣo. Mo wọ inú ọ̀kan, mo dúró díẹ̀. Mo gbìyànjú láti ro 39 ènìyàn mọ́ ara mi nínú ibẹ̀, n kò rí ibi tí wọn yóò fẹsẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ìtàn onílé gan-an ló mú mi ronú jù. Wọ́n mú òun náà lẹ́rú ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà, ó sì di oníṣòwò ẹrú àti olóyè ńlá. Ẹni tó mọ bí ẹ̀wọ̀n ti ń dunni ló tún ń de ẹlòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé tìtorí kí n lè bú òyìnbó nìkan ni mo ṣe lọ síbẹ̀, ìdajì ìtàn náà ni mo rí. Òyìnbó rà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ló tà.

Àwọn ènìyàn kan rò pé ó sàn kí a má ṣe lọ sí irú ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ohun tó ti kọjá ti kọjá, kí ni a ń tú egbò tó ti jinná fún? Àwọn mìíràn ní kí a máa lọ, ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kí àlejò gbádùn ara rẹ̀, nítorí pé owó àlejò ni ọlọ́kọ̀ ojú omi, afinimọ̀nà àti ẹni tó ń ta àgbọn létí òkun fi ń bọ́ ọmọ. Èmi kò fojú kéré èyí kejì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra àgbọn lè fi ọ̀wọ̀ wọ ilé ẹrú. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Mi ò sì sọ pé kí gbogbo arìnrìn-àjò máa fajú ro káàkiri. Nígbà tí mo gun Òkè Olúmọ, mo rẹ́rìn-ín, n kò sì kábàámọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá rí ààbò sí ní 1830 pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ aṣáájú wọn, lẹ́yìn tí ogun ti fọ́n wọn ká. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sábẹ́ òkè náà ni Àjàyí Crowther ti rí ìyá rẹ̀ ní 1846. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn, nígbà tí ó wà lọ́mọdé. Ó gba Àgbádárìgì wọlé padà ní 1845, ó sì tó nǹkan bí ọdún 25 kí ìyá àti ọmọ tó tún fojú kan ara wọn. Ẹni tó bá dúró lórí Olúmọ tó rántí èyí, tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó mọ ohun tó ń wò ni. Síbẹ̀, nídìí òkè náà gan-an, mo ti rí àlejò tó ya ìyá arúgbó ní fọ́tò láìkí i, bí ẹni ń ya òkúta. Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí ìyá, tó sì tọrọ àyè, èló ni yóò ná an?

Ní erékùṣù Gberefu, lódì kejì ọ̀sà Àgbádárìgì, ọ̀nà oníyanrìn kan wà tó lọ sí etí òkun. Ọ̀nà tí àwọn ẹrú rìn nìyẹn tí wọn kò padà. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà. Àwọn afinimọ̀nà a máa sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Mo dúró ti kànga yìí, mo ronú. Bí omi náà bá lágbára bẹ́ẹ̀, báwo ni ó ṣe jẹ́ pé títí dòní ni wọ́n ń fi orin Yorùbá bọ Ọ̀ṣun àti Yemọja ní Bahia àti ní Cuba? Àwọn tí wọ́n fún ní omi mu kò gbàgbé. Èmi tí n kò mu ún, tí mo jẹun yó kúrò nílé, tí mo wọ bọ́ọ̀sì wá, èmi ni mo gbàgbé.

Tíṣà ni mí nísinsìnyí. Ní ìgbà tí mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí Àgbádárìgì, ọ̀kan nínú wọn ṣe gẹ́lẹ́ bí mo ti ṣe. Ó gbé ẹ̀wọ̀n kọ́ ọrùn, fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti wà lókè. Ìbínú ru sókè nínú mi, mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo rántí pé Màmá Àgbà kò jágbe mọ́ mi. Mo sún mọ́ ọn, mo rọra bi í pé, "Ta ló dè ọ́?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó dè mí, sà. Mo kàn ń ṣeré ni."

Mo ní, "Ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ kò lè sọ bẹ́ẹ̀."

Ó dákẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ́ ẹ̀wọ̀n náà kúrò lọ́rùn, ó sì rọra gbé e kalẹ̀ kí ó má baà dún. Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó wá jókòó tì mí, ó bi mí bóyá a lè mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Mo sọ orúkọ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ fún un.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: owó ìwọlé kò tó. Wọ́n ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ní ti irú àwọn ibi wọ̀nyí, àlejò gan-an ló ń jẹ gbèsè, nígbà tó bá sì padà délé ni yóò máa san án. Yóò san án nípa bíbi àwọn àgbà ilé rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n mọ̀, èyí tó dùn àti èyí tó korò. Yóò san án lọ́jọ́ tó bá rí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń fìyà jẹ ní ilé kejì, tí ojú rẹ̀ kọ̀ láti mọ́ ọn.

Màmá Àgbà ti re ibi àgbà rè. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ ìtàn náà fún mi, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì kì mí. Wọ́n ki oríkì àwọn jagunjagun bàbá mi láti òkè délẹ̀, wọn kò fo ọ̀kankan. Nígbà tí mo rò pé wọ́n ti parí, wọ́n fi orúkọ ẹni tí ogun kó lọ kún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kì mí títí wọ́n fi lọ.