Ẹja Tó Lè Kọ̀

Bí èèyàn bá ti odò dé, tó gbé ọ̀pá ìwọ̀ lé èjìká, ìbéèrè kan ṣoṣo ni aráyé ní fún un: "Mélòó lo rí pa?" Wọn kì í béèrè bí omi ti rí. Wọn kì í béèrè bóyá oòrùn mú, tàbí bóyá ejò gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ kọjá. Iye ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Bó bá jẹ́ méjì, wọ́n á ní orí rẹ bá ọ ṣe é. Bó bá jẹ́ òfo, wọ́n á ní kí ló dé tí o kò kúkú ra ẹja dídì lọ́jà, kí o jókòó sílé rẹ sinmi. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn jẹun láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tí mo sì ń fi ọjọ́ Àbámẹ́ta dẹ ìwọ̀ lódò Ògùn, mo ti dáhùn ìbéèrè yìí títí ó fi sú mi. Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ ni kò tíì sú mi. Ṣé ohun tí ọwọ́ bá bà nìkan ni a fi ń mọ ọjọ́ tó dára yàtọ̀ sí èyí tó burú? Ẹ jẹ́ kí á fi àsìkò ẹja kan péré yẹ̀ ẹ́ wò, láti ìgbà tí omi fà títí di ìgbà tí òjò tún dé.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé láti ojú fèrèsé mọ́tò lórí afárá nìkan lẹ ti ń rí odò, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi díẹ̀. Apá Ṣakí lókè lọ́hùn-ún ni odò Ògùn ti ń ṣàn bọ̀. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì lọ wọ ọ̀sà Èkó. Láti oṣù Keje títí dé oṣù Kẹwàá, omi rẹ̀ a kún, a pọ́n bí ẹrẹ̀, a sì ya wọ inú àbàtà àti oko olóko. Láti 1983 tí wọ́n ti ṣí dáàmù Ọ̀yán, omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ níbẹ̀ náà tún ń dá kún tòjò, nítorí inú Ògùn ni odò Ọ̀yán ń tú sí. Lásìkò yẹn, oníwọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í yọjú. Ẹja ti fọ́n ká inú koríko, wọ́n ń yé ẹyin, wọ́n ń jẹ ohun tí àgbàrá gbé wá. Àfi tó bá di oṣù Kọkànlá tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tí ẹja ń padà sínú ibú, tí ọyẹ́ dé, tí omi sì mọ́ gaara. Ìgbà tiwa dé nìyẹn. Ekòló là ń fi dẹ àrọ̀. Búrẹ́dì tàbí ẹ̀bà tó le dáadáa ni ti epìyà. Ní ti ọ̀bọ̀kún, ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọṣẹ ìfọṣọ ni àwọn apẹja mìíràn ń gé sẹ́nu ìwọ̀, ó sì ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá sọ pé ọmọ èèyàn nìkan ni ojúkòkòrò ń bá jà, kó lọ bi ọ̀bọ̀kún.

Ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, ẹja tó tóbi jù tí mo rí ni àrọ̀ kan lóṣù Kejì, tó gùn láti ìka mi dé ìgúnpá. Gbogbo ará ilé ló yìn mí. Aládùúgbò wa kan tilẹ̀ wá wò ó nínú bàsíà. Ṣùgbọ́n òdodo ọ̀rọ̀ ni pé mo ti ń tòògbé nígbà tí ẹja yẹn gbé ìwọ̀ mì. Òun ló kọ́ ara rẹ̀, fífà nìkan ni mo fà á. Ìyìn wo wá ni mo gbà yẹn? Bí ìyìn bá wà níbẹ̀, ti ekòló ni.

Ọjọ́ tó dùn mọ́ mi jù, ẹja tí mo mú wálé kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lóṣù Kìn-ín-ní ni, ọyẹ́ mú, omi sì mọ́ débi pé mo ń rí epìyà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Mo ju ìwọ̀ sí ibi tó jìnnà sí i díẹ̀. Ó wá. Ó wo búrẹ́dì náà, ó fi ẹnu kàn án, ó sì padà sẹ́yìn. Ó yí òkúta ká, ó tún wá, ó tún kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, kọ́ọ̀kì tó wà lójú omi mì díẹ̀, ẹja náà sì tún lọ. Ìgbà tó fi wà láàárín ẹ̀ẹ̀kẹta sí ẹ̀ẹ̀kẹrin kò lè ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo oṣù márùn-ún yẹn, òun ni màá mú. N kò rántí gbèsè, n kò rántí ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì, n kò tilẹ̀ rántí pé ẹsẹ̀ mi wà nínú omi tútù. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kọ́ọ̀kì náà rì pátá.

Mo ti rò ó títí, ìdí tí ìṣẹ́jú yẹn fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo rí ni pé ẹja náà lè kọ̀. Ó tilẹ̀ ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta! Ọkùnrin tó bá ti kọ lẹ́tà sí ọmọge rí yóò mọ ohun tí mo ń wí. Bó bá jẹ́ pé dandan ni kí ọmọbìnrin náà gbà, kí ni "mo gbà" rẹ̀ wúlò fún? Ẹni tó fi owó ra adájọ́, ó jàre ní kóòtù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn bá ń kí i kú oríire.

Àwọn ọjọ́ burúkú kéékèèké wà pẹ̀lú. Okùn já, ìwọ̀ há sí gbòǹgbò, ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò. Ọ̀bọ̀kún ńlá kan já bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn kan ilẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún bí ọmọdé. Ìyẹn ń dunni, àmọ́ kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ẹja jà, ó bọ́, ó tán.

Ọjọ́ tó burú gan-an dé lóṣù Kẹta, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí omi ti fà débi pé ibú náà dá dúró bí ìkòkò tí wọ́n gbé kalẹ̀ láàárín iyanrìn. Kí n tó dé ẹ̀bá odò ni mo ti gbóòórùn rẹ̀. Ẹja bo ojú omi, wọ́n fi ikùn funfun sókè. Àrọ̀ ńlá wà níbẹ̀, epìyà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹja tí kò ju ìka ọmọ ìkókó lọ pọ̀ bí ìyàngbò. Ọ̀pọ̀lọ́ kú, akàn kú. Ẹnì kan ti da Gamalín sínú ibú lóru, ó ti ṣa èyí tó tóbi nínú wọn lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀yin tí bàbá yín dá oko kòkó kò ní ṣàì mọ Gamalín. Oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó ni, nítorí àwọn kòkòrò tó ń fa omi ara èso rẹ̀ mu. Lindane ni orúkọ èròjà inú rẹ̀, ó sì wà lára àwọn ohun tí àdéhùn àgbáyé ti Stockholm fi sínú ìwé ní 2009 pé kí ayé pa á tì lóko. Kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, ó sì máa ń sá sínú ọ̀rá ara ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ní báyìí, ohun yòówù tí wọn ìbáà dà sódò, Gamalín ni àwọn èèyàn ń pè é. Oṣù Kẹta ló sì rọ ẹni tó ń dà á lọ́rùn jù, nítorí omi kéré, ẹja kò sì ríbi sá sí.

Obìnrin kan wà létí omi tó pọn ọmọ, ó ń ṣa èyí tó kù sínú abọ́. Mo ní, "Ìyá ọmọ wa, ẹ jọ̀ọ́, májèlé ló pa wọ́n o."

Kò dá iṣẹ́ dúró. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé èmi ni mo dà á ni? Wọ́n ti kú. Kí wọ́n jẹrà síbẹ̀ ló dára lójú yín? Ẹ̀yin lẹ gbé mọ́tò wá fi ẹja ṣeré. Tẹ́ ẹ bá délé lónìí, ẹ máa jẹun."

N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, ọ̀rẹ́ mi kan ní obìnrin náà gbọ́n jù mí lọ. Ó ní ẹja ni ẹja, yálà ìwọ̀ ló mú un tàbí oògùn, ikùn kò mọ ìyàtọ̀. Mo gbà pé ikùn kò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú ibú lóṣù Kẹta. Àwọn ẹja tó yè láti ọdún tó kọjá ni, àwọn gan-an ni yóò wọ inú àbàtà lọ yé ẹyin nígbà tí omi bá kún. Ẹni tó bá pa gbogbo wọn lóru ọjọ́ kan, ó ti na ọwọ́ kó ẹja ọdún tó ń bọ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀ obìnrin yẹn. Òun ló jí ohun tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò jẹ. Mo fẹ́ kó yé ọ̀rẹ́ mi pé kì í ṣe nítorí eré Àbámẹ́ta mi ni mo ṣe ń bínú.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní purọ́ pé àwọn òyìnbó ló kọ́ wa ní májèlé. Àwọn àgbà wa ń gún ewé tí ń pa ẹja, wọ́n ń dà á sómi. Ṣùgbọ́n agbára ewé kì í pẹ́ tán nínú omi. Gamalín kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì ń dà á kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun.

Ìwọ̀ ńkọ́? Ṣé ọwọ́ tèmi mọ́? Ẹ̀tàn ni ìwọ̀, ká má tan ara wa. Mo fi irin pamọ́ sínú búrẹ́dì, mo ní kí ẹja wá jẹun. Ó lè kọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń kọ̀ tàbí ohun tó ń gbà. Ní 2003, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan nílẹ̀ Scotland tẹ ìwádìí jáde. Wọ́n gún oró oyin tàbí omi kíkan sí ètè ẹja kan tí wọ́n ń pè ní trout, oúnjẹ kò sì wu àwọn ẹja náà fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan nínú wọn ń ha ètè mọ́ òkúta ìsàlẹ̀ omi. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà pé ìrora bíi tiwa nìyẹn, àríyànjiyàn náà kò sì tíì parí. Ní tèmi o, mo ti ń tètè pa ẹja tí mo bá máa jẹ, n kì í jẹ́ kó máa jà nínú bàsíà mọ́. Ohun tí mo lè sọ nípa ìwọ̀ kò ju èyí lọ: ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń mú, èyí tí ebi kò pa lè kọjá lọ, èyí tó gbọ́n lè tu ún dànù. Nínú ẹja mẹ́wàá, ó ń fi mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún odò.

Àwọn èèyàn tó ní làákàyè ti mọ̀ tipẹ́ pé ó yẹ kí ibì kan wà, tàbí ìgbà kan, tí ẹja lè ní "ó tó." Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, Sarkin Ruwa ló ń ṣọ́ omi Matan Fada, wọn kì í sì í pẹja níbẹ̀ àfi tí ọjọ́ ọdún bá pé. Lọ́jọ́ náà, àwọ̀n àfọwọ́dì àti igbá ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ń gbé wọ omi. Ọdún náà bẹ̀rẹ̀ ní 1934 láti fi ṣàmì àlàáfíà láàárín Argungu àti Sokoto. Ó dáwọ́ dúró lẹ́yìn 2009, wọ́n sì tún ṣe é ní 2020. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti ń dá ọwọ́ oníwọ̀ dúró lójú odò láti 1878, kí ẹja lè rí àyè yé ẹyin: láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹta títí dé ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dẹ irú ẹja bíi roach tàbí barbel nínú odò. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Òṣogbo. Nínú igbó Ọ̀ṣun, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni pẹja. Ẹ sì wo oyè ọba ìlú náà, Àtáọ́ja, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja. Ìtàn sọ pé Ọ̀ṣun ló rán ẹja jáde sí ọba Láròóyè, tí ọba sì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹ kíyè sí i, ọba náà kò ju nǹkan kan sómi mú un.

Lóṣù Kẹrin, kí òjò tó rọlẹ̀ dáadáa, baálẹ̀ abúlé tó wà nítòsí ibú wa pe ìpàdé, wọ́n sì ránṣẹ́ pe èmi náà nítorí pé mò ń ti ìlú wá pẹja níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fi irin bú pé àwọn kò ní í da oògùn sódò. Bàbá apẹja kan dìde, ó ní ìbúra nìkan kò tó. Ó ní láti oṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀ títí omi yóò fi kún, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pẹja nínú ibú náà rárá, àwọ̀n ni o, ìwọ̀ ni o. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ náà, ọmọ mi." Ọ̀sẹ̀ tó dára jù fún àrọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi yẹn. Mo ní, "Bàbá, mo gbà," ó sì ká mi lára bí mo ti ń wí i.

Obìnrin ọjọ́ yẹn wà lẹ́yìn, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè. Ó ní òun gbọ́ ti oògùn, òun gbọ́ ti ìwọ̀, ó dára. Ó ní kí baálẹ̀ jọ̀ọ́ sọ fún òun, kí ni òun yóò máa fi se ọbẹ̀ lóṣù Kẹta? Baálẹ̀ wo àwọn àgbà, àwọn àgbà wo ilẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé e sí ìpàdé mìíràn.