Ta Ló Bẹ̀ Wá Lọ́wẹ̀?

Nígbà tí a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Utah lóṣù Kẹfà, a kọ́kọ́ ń wá ibi tí a ti lè dọdẹ coyote, ẹranko tó jọ ajá. Kò le rárá. Wọn ò gbà kéèyàn dọdẹ ní Zion àti Arches, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tí ọdẹ lè wọ̀ pọ̀ súà. Èèyàn ò nílò ìwé àṣẹ kó tó pa coyote. Kódà, láti ọdún 2012 ni ìpínlẹ̀ náà ti ń san 50 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n lè dáàbò bo àgbọ̀nrín.

Òfin gbà, a sì ti rí ibi. Ìdí ńkọ́? Ẹni tó ń sin àgùntàn níbẹ̀ ní ìdí tirẹ̀. Àwa ò ní jẹ ẹ́, kò sì pa ẹran ọ̀sìn wa. Lóṣù Kẹfà, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń dúró de oúnjẹ lẹ́nu ìyá àti bàbá. Bí a bá yìnbọn tán, àwa á wọkọ̀, a ó máa lọ. Ta ni yóò bọ́ wọn?

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tó ń kọjá lọ ò mọ èyí tó ń pa àgùntàn yàtọ̀ sí èyí tó ń pa eku. Àyè kì í ṣe ìdí. A fi ìbọn sílé. Bí olùṣọ́-àgùntàn kan bá bẹ̀ wá lọ́wẹ̀, ìyẹn dọ̀rọ̀ mìíràn.