Ǹjẹ́ Ẹni tí Ó Dákẹ́ nínú Ìpàdé Ti Gbà?

Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ní àgbègbè Tchaourou, bí a bá pé jọ lábẹ́ igi láti pinnu lórí kànga tàbí àtúnṣe ilé ẹ̀kọ́, kì í ṣe ẹnu nìkan ni a fi ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kan lè mí kanlẹ̀, ẹlòmíràn lè dìde jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Alága tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò rí i, yóò sì ní kí àwọn kan lọ gbìmọ̀ pọ̀ lẹ́yìn ilé kí wọ́n tó padà wá.

Nísinsìnyí, àwọn ọmọ wa wà ní Parakou, ní Cotonou, ní Èkó, ní ilẹ̀ Faransé. Orí WhatsApp tàbí Zoom ni a ti ń ṣèpàdé. A kò ní bú ẹ̀rọ náà. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí ó wà lókè òkun kàn ń fi owó ránṣẹ́ ni, kì í mọ bí a ṣe ń pinnu ìnáwó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ń dà wá láàmú. Alága bèèrè pé: «Ṣé a gbà?» Ẹni mẹ́ta dáhùn, àwọn yòókù dákẹ́. Ọ̀kan kò fẹ́ ọ̀rọ̀ náà rárá. Owó íntánẹ́ẹ̀tì èkejì ti tán. Ẹ̀kẹta, àgbẹ̀ ni, kò gbọ́ èdè Faransé tí ìpàdé ti yà sí. Akọ̀wé sì kọ ọ́ pé gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan. Adákẹ́ má fọhùn, a kò mọ ti ẹni tí ó ń ṣe. Ǹjẹ́ ìpinnu yìí de àgbẹ̀ náà, ẹni tí yóò fi orí ru òkúta kànga? Lójú tiwa, kò dè é, nítorí pé kò ní àyè láti kọ̀.

Òótọ́ ni pé ìfojúkojú kì í mú àdéhùn wá ní dandan. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2020, ààrẹ márùn-ún láti inú CEDEAO lọ sí Bamako fúnra wọn nítorí rògbòdìyàn Mali, wọ́n sì padà láìsí àdéhùn. Ní ọjọ́ 27, CEDEAO ṣèpàdé lórí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, àwọn ológun gbàjọba. Ẹni tí ó bá kọ̀ lójú ẹni, ó ṣì kọ̀. Ṣùgbọ́n a kúkú mọ̀ pé ó kọ̀.

Nítorí náà, kí alága máa pe orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní èdè Nàgó. Kí àwọn ará ilé jókòó yí tẹlifóònù kan ká, kí wọ́n sì sùn lé ọ̀rọ̀ náà kí akọ̀wé tó kọ ọ́. Ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àwọn tí ó wà lókè òkun yóò sì kùn pé ó pẹ́.